Ìwé, bẹ́líìtì àyà, àbí síńgílẹ́ẹ̀tì GPS: èwo lẹ máa kọ́kọ́ rà?

Ẹ̀yin kóòṣì Kábà, Mọpà àti Ìsánlú, owó ẹgbẹ́ wa kì í tó ra gbogbo ohun tí àwọn kílọ́ọ̀bù ńlá fi ń wọn bí ìdánrawò ṣe le tó. Èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Síńgílẹ́ẹ̀tì GPS, èyí tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ọmọ wà, ló ń wọ àwọn ọmọ lójú. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, Catapult ti Ọsirélíà àti STATSports ti Àríwá Ireland lorúkọ wọn hàn jù. Ẹ̀rọ kékeré kan máa ń wà láàárín èjìká méjèèjì, á ka ibi tí ọmọ sáré dé, bó ṣe yá tó, àti iye ìgbà tó ta bí ọfà. Àmọ́ ẹsẹ̀ ló ń kà, kò mọ èémí. Ẹ kó wọn gun òkè Ògìdì lọ́jọ́ kan: wọn ò ní lè sáré, ẹ̀rọ á ní wọ́n rọra ń rìn ni, bẹ́ẹ̀ ọkàn wọn ń lù kìkì.

Bẹ́líìtì àyà, bíi Polar H10, bí ọkàn ṣe ń lù ló ń kà, kò ní pa irú irọ́ yẹn. Bátìrì pẹlẹbẹ ló ń lò, nǹkan bí 400 wákàtí, ọ̀rọ̀ iná ò kàn án. Ẹ fi omi ra ibi tó kan ara kẹ́ ẹ tó so ó, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé eré ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún á ti parí kí ọkàn tó gbọ́. Aago ọwọ́ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ jàre, ó ń yẹ̀ lọ́wọ́ bí ọmọ bá ń sáré.

Ìwé ló rọ̀ jù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ọgbọ́n Carl Foster, onímọ̀ eré ìdárayá ará Amẹ́ríkà, ni: tí ìdánrawò bá ti parí ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bi ọmọ pé láti 0 dé 10, báwo ló ṣe le tó? Ẹ fi ìṣẹ́jú tó lò sọ ọ́ di púpọ̀: 90 lọ́nà 7 jẹ́ 630. Iye yẹn ni bí ìdánrawò ọjọ́ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára tó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ pè wọ́n o. Mo ti rí ọmọ tó di itan mú, tó ń tiro, tó ní "Mẹ́ta ni, kóòṣì," torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mẹ́rin.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, kẹ́ ẹ wá ra bẹ́líìtì mẹ́rin tí wọ́n á máa pín lò. GPS lè dúró títí ẹ óò fi ní sólà tó ń ṣájì rẹ̀ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ẹ ra okùn bẹ́líìtì lọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ẹ̀rọ orí rẹ̀ ṣeé yọ, òógùn kò ṣeé pín.