T's TanTan, inú ibùdókọ̀ ojú irin Tokyo: ibi tí ẹni tí kì í jẹ ẹran ti lè jẹun ní àlàáfíà

Bí ẹ bá ń lọ sí Tokyo, tí ẹ kì í sì í jẹ ẹran, ẹ má wulẹ̀ rin ìgboro kiri. Inú ibùdókọ̀ ojú irin Tokyo gan-an ni T's TanTan wà, ní Keiyo Street, lójú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lọ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí apá ibi tí Disneyland wà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sè níbẹ̀, kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí mílíìkì. Mo ti jẹun káàkiri òkè òkun, n kò tíì rí ilé oúnjẹ tí mo fẹ́ràn tó o.

Ọmọ ìjọ Adventist ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Babcock, ní Ilíṣàn, ni mo ti fi ẹran sílẹ̀, ẹja náà sì tẹ̀ lé e. Yánmọtí (sesame) ló ń gbé mi lọ sí Jàpáánì. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà ń tà á fún wọn, èmi ni mo sì ń bójú tó o pé ó mọ́, kò ní òkúta, kò ní ìyàngbò. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi oúnjẹ ṣeré rárá. Wọ́n á yẹ ẹrù wò ní èbúté bóyá oògùn apakòkòrò wà lára rẹ̀, bó bá sì ju bí òfin ṣe wí lọ, kò ní wọlé.

Síbẹ̀, ojú ẹni tí kì í jẹ ẹja máa ń rí nǹkan ní ìlú wọn. Omi ọbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní dashi. Ẹja bonito gbígbẹ tí wọ́n fá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ àti ewé inú òkun tó ń jẹ́ konbu ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, kò sì sí ibi tí kì í wọ̀. Ó wà nínú ọbẹ̀ miso, ó wà nínú omi tí wọ́n fi bọ ẹ̀fọ́, ó wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń ki oúnjẹ bọ̀. Bí edé lílọ̀ ṣe máa ń wà nínú ẹ̀fọ́ rírò tiwa náà ni: ìyá olóúnjẹ á ní kò sí ẹran níbẹ̀, kò sì parọ́. Ní ilé oúnjẹ kan tí kò jìnnà sí hòtẹ́ẹ̀lì mi, mo béèrè, mo tún béèrè, wọ́n ní ẹ̀fọ́ lásán ni. Mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kí òórùn ẹja tó kọlù mí. Ó dùn mí gan-an ní alẹ́ ọjọ́ náà, torí èmi àti Ọlọ́run mi la jọ dá májẹ̀mú lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí.

Ó sì yani lẹ́nu, torí ilẹ̀ yìí kan náà ni ọba wọn Tenmu ti fòfin de jíjẹ màlúù, ẹṣin, ajá, ọ̀bọ àti adìyẹ ní ọdún 675. Ọdún 1872 ni ọba Meiji ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ ẹran tí gbogbo ayé gbọ́.

Ẹ wò ó, mo jókòó ní T's TanTan, mo nàka sí àwòrán, ó parí. N kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn, ẹni tí kò bá rìn ní bàtà mi lè má mọ iye tó tó.

Tantanmen, ìyẹn núdùlù aláta, ni oúnjẹ tí wọ́n fi sọ ilé oúnjẹ náà lórúkọ. Láti Sichuan ní Ṣáínà ló ti wá, níbi tí àwọn tó ń kiri oúnjẹ ti ń fi ọ̀pá gbé e léjìká káàkiri àdúgbò. Ti ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lómi. Chen Kenmin, ọmọ Sichuan tó ṣí ilé oúnjẹ Shisen Hanten sí Tokyo ní 1958, ni wọ́n ní ó sọ ọ́ di olómi kó lè bá ẹnu àwọn ará Jàpáánì mu. Níbòmíràn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ ló máa ń wà lórí rẹ̀. Níbí, sóyà ni, yánmọtí àti ẹ̀pà ló sì gbé ọbẹ̀ náà ró.

Wọ́n gbé abọ́ dé, ooru ń gba ojú mi. Ọbẹ̀ náà ki, ó pọ́n, epo ata ń tò kiri lójú rẹ̀ ní róbótó-róbótó. Mo fi ṣíbí ro ìsàlẹ̀, mo rí yánmọtí tó ti kúnná tó rọra sùn síbẹ̀, mo rò ó pọ̀ kí n tó kan núdùlù rárá. Sóyà náà le díẹ̀ lábẹ́ eyín, ó sì ti mu ata àti iyọ̀ dáadáa. Ata rẹ̀ kò lè dẹ́rù ba ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń jó ọ̀fun díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù nìyí. Ohun tó lé ní ìdá 99 nínú 100 yánmọtí tí Jàpáánì ń lò, òkè òkun ló ti ń wá, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń tà á fún wọn jù. Àwọn àgbẹ̀ Benue, Nasarawa àti Jigawa ń gbìn ín, àwa ń fẹ́ ẹ, à ń dì í sápò, à ń kó o sọ́kọ̀ ojú omi ní tútù. Ojoojúmọ́ ni mo ń kó ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, n kò sì mọ adùn rẹ̀ àfi ìgbà tí mo jẹ ẹ́ ní yíyan àti lílọ̀ nínú abọ́ yìí. Ó yẹ kí ẹnìkan máa se irú ọbẹ̀ yìí fún wa nílé. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ mọ èyí kí ẹ tó lọ: ẹ̀yìn géètì tíkẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ á ra tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tí ń wọlé lásán. Yen 150 ni nígbà tí mo lọ, wákàtí 2 ló sì ń lò. Abọ́ kan tó nǹkan bíi yen 1,000 nígbà náà. Ẹ fi àpótí ńlá sílẹ̀ sínú lọ́kà ibùdókọ̀, torí àga sún mọ́ra. Ẹ má sì tijú láti fa núdùlù yín kó dún, bí gbogbo ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn.

Tantanmen oníyánmọtí aláwọ̀ wúrà ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, kí ẹ fi gyoza (ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wé nǹkan sínú) kún un. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó wúwo sí i, kó gba ti yánmọtí dúdú. Bí ẹ bá sì rí núdùlù inú ife tí ilé-iṣẹ́ Yamadai bá wọn ṣe, ẹ kó díẹ̀ sí báàgì. Ìyàwó mi máa ń ge àlùbọ́sà àti ata rodo sí tirẹ̀, ó ní ìgbà yẹn ló tó di oúnjẹ.