Ìhámọ́ra ṣọ́jà ọjọ́ iwájú: ti fóòmù lẹ máa rà ni, àbí ti 3D?

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi ní Yaba: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ wọ ìhámọ́ra oníbátìrì bíi tàwọn ṣọ́jà inú ìtàn ọjọ́ iwájú. Èwo ni kí n rà?" Lagos Comic Con, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìwé ìtàn alάwòrán tó ti wà láti ọdún 2012, ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Kí n tó dáhùn, mo máa ń bèèrè iye wákàtí tí wọ́n máa fi wà nínú rẹ̀. Ṣé fọ́tò ìṣẹ́jú márùn-ún ni, àbí látàárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí fóòmù. EVA ni mò ń sọ, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, kì í ṣe ti tìmùtìmù. Ó fúyẹ́. Tẹ́ ẹ bá há sáàárín èrò nínú dáńfó, á tẹ̀, á sì padà bọ̀ sípò. Mílímítà 10 ló dáa fún ìgbàyà àti èjìká, 5 tó fún apá àti ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣe tán ni, ẹ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí ọ̀dà bá sán wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, wọn ò fi iná dí ojú fóòmù kí wọ́n tó kùn ún. Ẹ wo oríkèé rẹ̀ náà: ibi tó bá ti ń là, wọn ò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó pa á pọ̀. Àléébù fóòmù ni pé etí rẹ̀ tètè ń jẹ, kì í sì í mú ṣáṣá bí irin.

Ti 3D, èyí tí ẹ̀rọ ń fi ike yíyọ́ tẹ̀ jáde ní ìpele ìpele, lẹ́wà jù ú lọ, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Gbogbo bóòtù, gbogbo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè irú ike tí wọ́n fi ṣe é. PLA ló wọ́pọ̀, bí ooru bá sì ti tó nǹkan bí 60°C, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo ṣe èjìká kan bẹ́ẹ̀ rí, mo fi sáńpépà yọ́ ọ títí ó fi ń dán, mo wá fi í sínú ọkọ̀ lóòrùn ọ̀sán ní Oniru. Nígbà tí mo padà dé, etí rẹ̀ ti rọ wálẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi yáná. Ó dùn mí gan-an. PETG ni mò ń lò báyìí, ó ń fara da ooru tó nǹkan bí 80°C.

Ẹ tún fi èékánná fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èékánná bá bọ́ sínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí i po, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni NẸ́PÀ ti mú iná lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni yóò ti kán.

Fáíbà (fiberglass) ńkọ́? Ó le, oòrùn ò rí i gbé ṣe, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń yún ni. Ojú ṣọ́ọ̀bù ló yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Àwọn ológun Amẹ́ríkà pàápàá bẹ̀rẹ̀ TALOS, ẹ̀wù ìhámọ́ra oníná fún àwọn ṣọ́jà wọn, lọ́dún 2013, nígbà tó di 2019, wọ́n pa á tì láìparí. Iná tí yóò máa gbé e rìn wà lára ohun tó dí wọn lọ́wọ́. Tiwa ò ní gbé yín rìn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fún yín ní atẹ́gùn, torí ooru Èkó kì í ṣeré nínú akoto. Fáànù kéékèèké méjì, ọ̀kan ń fa atẹ́gùn wọlé, ìkejì ń tì í jáde, àti páwà báǹkì 10,000 mAh ní ìbàdí. Ẹ má gbà kí wọ́n so bátìrì lithium láìní àpò mọ́ yín láyà; òógùn á débẹ̀. Ẹ dé akoto náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú ẹni tó ń tà á. Bí èémí yín bá bo gíláàsì rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ara fóòmù àti akoto PETG ni kó rà. Ẹ wọ bàtà tẹ́ ẹ máa lò wá, kẹ́ ẹ sì jókòó nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ti orúnkún bá ń gún yín nítan, kí wọ́n gé e lójú yín.