Gabadínì, sátínì, spandex àti awọ àtọwọ́dá: èrò mi lórí aṣọ tí mo ń fi rán ìmúra cosplay

Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò tí wọ́n bá fẹ́ ra aṣọ fún cosplay, ìyẹn mímúra bí ẹ̀dá-ìtàn inú fíìmù, ìwé tàbí géèmù. Wọ́n á ṣí àwòrán ẹ̀dá-ìtàn sílẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á gbé e sún mọ́ aṣọ, bó bá ti jọra, wọ́n ti sanwó. Lójú tèmi, àwọ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn. Bí aṣọ ṣe wúwo tó, bó ṣe ń rí tí iná bá tàn sí i, àti bóyá ó ń nà, ìyẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní dúró bíi kóòtù ọ̀gágun láéláé, ì báà jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ bá ti inú àwòrán mu rẹ́gí.

Gabadínì ni ààyò mi. Tí ẹ bá fojú sún mọ́ ọn, ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dagun lójú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe hun ún nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kó lágbára. Kì í tètè rún, kì í dán, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wálẹ̀ dáadáa lára. Yunifọ́ọ̀mù, kóòtù gígùn, ṣòkòtò ọmọ ogun, gbogbo rẹ̀ ni mo fi ń rán. Àléébù rẹ̀ ni pé èyí tí wọ́n fi pólíẹ́sítà ṣe kì í fa òógùn, ooru á sì mú yín tí ẹ bá wọ̀ ọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ má sì gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ojú rẹ̀ ní tààrà, torí ojú ìrán á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, kò sì ní lọ mọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú kan sí i lórí kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Sátínì ni mo rò pé àwọn èèyàn ń gbé gẹ̀gẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó fẹ́lẹ́, tó ń dán yanran, máa ń wuni lórí káńtà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí fíláàṣì kámẹ́rà kàn án: gbogbo ibi tí òwú ti fà díẹ̀, gbogbo ibi tí síípù ti wọ́, ló máa hàn gbangba. Píìnì ń fi àpá sílẹ̀ lára rẹ̀, omi tó bá kán sí i lè fi àmì sí i, etí rẹ̀ sì ń tú látìgbà tí sísọ́ọ̀sì bá ti kàn án. Síbẹ̀, mi ò ní ní kí ẹ jù ú nù. Ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ sátínì, ẹ̀yìn kì í dán, ẹ̀yìn yẹn ni mo sì máa ń gbé síta. Ojú rẹ̀ tó ń dán, mo máa ń fi ṣe inú aṣọ ìlékè, kó lè máa yọ fìrí tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń rìn. Fún gáùn ńlá, sátínì tó nípọn, tó dúró gan-an, ni kí ẹ wá.

Spandex, ìyẹn òwú àtọwọ́dá tó ń nà bíi rọ́bà, ni kókó ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ rán aṣọ akọni tó lẹ̀ mọ́ ara. Joseph Shivers ló ṣe é jáde ní iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1958, kì í sì í dá wà nínú aṣọ; wọ́n máa ń pò ó mọ́ náílọ́ọ̀nù tàbí pólíẹ́sítà ni. Èyí tí mo fẹ́ràn ní náílọ́ọ̀nù bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àti spandex bí ìdá 20. Ẹ fà á sí gígùn, kí ẹ fà á sí ìbú. Tó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ń nà, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní lè jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ fa aṣọ náà bò ó lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀. Bí oríkèé ìka yín bá hàn, ara yín náà á hàn. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ àwòrán sí lórí aṣọ funfun, ibi tó nà jù lórúnkún máa ń funfun bàláú. Tí ẹ bá sì jù ú sílẹ̀ tí kò padà sí bó ṣe wà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún aṣọ tó ń nà, nọ́ńbà 75/11, ni kí ẹ fi rán an, torí abẹ́rẹ́ lásán máa ń fo ìrán. Kí ìrán náà jẹ́ wọ́gọwọ̀gọ, nítorí ìrán tó lọ tààrà á já bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gé e kó kéré díẹ̀ sí ìwọ̀n ara yín. Nínà rẹ̀ ló ń jẹ́ kó fún mọ́ra láìrún.

Awọ àtọwọ́dá kò gba àṣìṣe: ihò tí abẹ́rẹ́ tàbí píìnì bá lu, kì í dí mọ́. Kílíìpù ni mo fi ń mú un pọ̀, mo sì máa ń jẹ́ kí ìrán kọ̀ọ̀kan gùn tó mìlímítà 3 sí 4, torí bí ihò bá sún mọ́ra jù, yíya ló máa ya bí ìwé. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, mo máa ń fi tíṣù pẹlẹbẹ sáàárín, màá wá fà á ya kúrò lẹ́yìn tí mo bá rán an tán. Èyí tí wọ́n fi PU (polyurethane, irú ike kan) ṣe rọ̀ lára, àmọ́ ó máa ń bó tó bá pẹ́, pàápàá níbi tí ọ̀rinrin bá wà, kódà bí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́. Tí aṣọ náà bá jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ rò ó dáadáa.

Ní ti àrán, ẹ ra lé díẹ̀ sí iye tí ẹ nílò. Irun ojú rẹ̀ ń dorí kọ ọ̀nà kan, ibi kan náà sì ni gbogbo ègé gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí apá kan bá kọ òkè tí èkejì kọ ìsàlẹ̀, wọ́n á dà bí aṣọ méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun ẹranko àtọwọ́dá ṣe ń dorí kọ ọ̀nà kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi abẹ rẹ́, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé irun rẹ̀, kí ojú ìrán má bàa hàn.