Garrett AT Pro Nínú Òtútù: Àyẹ̀wò Ẹ̀rọ Aṣàwárí Irin fún Ẹni Tí Ń Wá Ohun Àtijọ́

Nígbà tí ìgbà òtútù bá dé, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ aṣàwárí irin wá ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ máa ń gbé ẹ̀rọ wọn sí kọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi padà. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Nígbà òtútù ni koríko ń kú mọ́lẹ̀, tí igbó ń ṣí sílẹ̀, tí oko tí wọ́n ti kórè rẹ̀ sì ń wà ní gbangba, débi pé kọ́ìlì ẹ̀rọ, ìyẹn àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń wá irin, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ilẹ̀ níbi tí ewéko ì bá ti gbé e sókè. Ẹ̀rọ tí kò lè fara da òtútù ló sábà máa ń lé èèyàn padà sílé, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo rí lára Garrett AT Pro, tí mo ń fi wá bọ́tìnnì aṣọ ológun, owó ẹyọ àti ọta ìbọn àtijọ́.

Charles Garrett ló dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀ ní Texas, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1964, AT Pro fúnra rẹ̀ sì ti pẹ́ lórí àtẹ. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kílógíráàmù 1.4, kọ́ìlì rẹ̀ gùn ní íǹṣì 11, ó sì fẹ̀ ní íǹṣì 8.5, odindi ẹ̀rọ náà sì lè wọ inú omi dé mítà 3. Ẹni tó ń rìn nínú òjò dídì tó ti ń yọ́ ni yóò mọ iyì èyí, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó rọjú, kọ́ìlì nìkan ni omi kò lè bà jẹ́, ojú ẹ̀rọ àti ibi tí bátìrì wà kò sì gbọdọ̀ rí omi rárá.

Bátìrì gan-an ló mú kí n fi ẹ̀rọ yìí ṣáájú àwọn mìíràn. Mẹ́rin nínú irú bátìrì AA tó wọ́pọ̀ níbi gbogbo ló ń lò, èèyàn sì lè pààrọ̀ wọn nínú pápá láìwá iná kankan. Òtútù máa ń mú kí iṣẹ́ tí àwọn kẹ́míkà inú bátìrì ń ṣe falẹ̀, bátìrì alkaline, irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, sì máa ń jìyà rẹ̀ gan-an, ó lè dà bí ẹni pé ó ti tán nígbà tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sínú àpò tó súnmọ́ ara, kí ó móoru, ẹ ó rí i pé apá kan nínú agbára náà yóò padà. Bátìrì AA onílíthíọ́ọ̀mù, èyí tí a kì í gba iná sí, dára ju èyí lọ fíìfíì: ó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó lọ sílẹ̀ dé −40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Kí ẹni tó bá ń lò ó ṣọ́ra fún ohun kan ṣoṣo. Agbára rẹ̀ kì í dínkù díẹ̀díẹ̀. Á dúró ṣinṣin títí yóò fi kù díẹ̀ kó tán, lẹ́yìn náà ni yóò wá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àmì bátìrì tó wà lójú ẹ̀rọ lè máa fi hàn pé ó kún nígbà tí kò kún mọ́. Ẹ máa mú mẹ́rin mìíràn dání. Àwọn ẹ̀rọ tí bátìrì wọn wà nínú ara wọn, irú èyí tí fóònù ń lò, kò burú, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gba iná sí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá tutù ju odo lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, nítorí pé ó ń ba inú rẹ̀ jẹ́.

Àwọn bọ́tìnnì AT Pro ṣe é tẹ̀ bí èèyàn tilẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Ní ti ojú ẹ̀rọ, irú tí wọ́n ń pè ní LCD ni, ó máa ń falẹ̀ nínú òtútù líle, nọ́ńbà tó ń sọ irú irin tó wà nílẹ̀, tó yẹ kó yọ kíá, á sì máa fà nílẹ̀ kó tó yọ. Ibi tí AT Pro ti gba ìyìn lọ́dọ̀ mi ni pé ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Nínú ètò tí wọ́n pè ní Pro, bí ohun tó wà nílẹ̀ bá ṣe ń súnmọ́ ni ohùn ṣe ń lágbára sí i, tí ó bá sì jìnnà, ohùn á rọlẹ̀. Irin lásán, irú ti ìṣó, ní ohùn tó wúwo, fàdákà àti bàbà ní èyí tó ń dún bí agogo. Ọ̀nà kan tún wà tí èèyàn fi lè máa gbọ́ ohùn irin tí ó ti sọ fún ẹ̀rọ pé kó kọ̀, èyí sì ṣe pàtàkì ní ibi tí ilé ti wó tí ìṣó sì kún ilẹ̀, nítorí pé ohun iyebíye máa ń fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìṣó. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ti mọ èdè ẹ̀rọ náà kò ní máa wo nọ́ńbà 0 sí 99 ní gbogbo ìgbà. Mo kábàámọ̀ pé kò ní iná lójú, nítorí ọjọ́ máa ń kúrú nígbà òtútù, ilẹ̀ sì máa ń tètè ṣú.

Òjò dídì àti yìnyín kì í dí ìgbì tí ẹ̀rọ ń rán sínú ilẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá gbé kọ́ìlì sókè ń dín bí ẹ̀rọ ṣe lè wá nǹkan jìn tó nínú ilẹ̀ kù, nítorí náà ẹ gbá òjò dídì tó nípọn kúrò kí ẹ tó wá ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà wà níta fún ìgbà díẹ̀ kó bá ojú ọjọ́ mu kí ẹ tó mú un bá ilẹ̀ dọ́gba, ìyẹn ṣíṣètò rẹ̀ kí ohun tó wà nínú erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ má baà máa tàn án jẹ, kí ẹ sì tún un ṣe bí ọjọ́ bá ti ń lọ.

Gígbẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ tó le jù. Tí ojú ilẹ̀ bá ti dì gbagidi, àwọn kan á fi ṣọ́bìrì já a sókè pẹ̀lú agbára, bọ́tìnnì tó ti lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ nínú ilẹ̀ á sì ṣẹ́ sí méjì. Ẹ gé e yíká kí ó fẹ̀ dáadáa, kí ẹ gbé gbogbo ilẹ̀ náà jáde, kí ẹ jẹ́ kí ó yọ́. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ohun àtijọ́ tó lómi nínú kò gbọdọ̀ wà níta kó dì mọ́ inú àpò yín. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Pro-Pointer AT, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, yóò fi ibi tí nǹkan náà wà hàn yín nínú ihò, ó sì máa ń gbọ̀n lọ́wọ́, èyí tí èèyàn á mọ̀ lára bí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tilẹ̀ nípọn.

Ìgbì kan ṣoṣo, 15 kHz, ni AT Pro ń lò. Lórí iyanrìn etíkun tí omi iyọ̀ ti rin gbingbin, iyọ̀ náà á máa dà á láàmú, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń lo ìgbì púpọ̀ pọ̀ ni kí ẹ lọ rà fún ibẹ̀. Fún oko, igbó àti ibi tí ilé àtijọ́ ti wà, níbi tí onílẹ̀ ti yọ̀ǹda tí òfin sì fàyè gbà á, èmi yóò tún rà á, n ó sì fi kọ́ìlì kékeré tó fẹ̀ ní íǹṣì 5, tó sì gùn ní íǹṣì 8, kún un, nítorí pé òun ló ń wọ àárín àwọn ìṣó dáadáa.