Speedtest Tracker: ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ ṣọ́ dátà yín

Orin kan náà làwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa máa ń kọ tẹ́ ẹ bá pè wọ́n pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́lẹ̀: ẹ pa ráútà yín kẹ́ ẹ tún un tàn. Ẹ ṣe é tán, wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ ṣe speed test, ẹ ṣe é, nọ́ńbà tó dáa jáde, wọ́n ní ṣẹ́ ẹ rí i, kò sí nǹkan tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ lálẹ́ àná fídíò kékeré ò lè yí láì dúró. Ìdí nìyẹn tí Speedtest Tracker fi wù mí, ètò kan tẹ́ ẹ máa gbé sórí kọ̀ǹpútà tó ń wà ní títàn nílé yín, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló ń wọn spídì, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dá fún un ló máa wọ̀n ọ́n, download, upload, ping (bó ṣe ń pẹ́ tó kí ìdáhùn tó padà dé), á kọ ọ́ sílẹ̀, á wá fi gráàfù hàn yín.

Ọ̀fẹ́ ni o. Ẹ̀rọ Ookla, àwọn tó ni Speedtest tó ti wà látọdún 2006, náà ló ń lò nínú, torí náà nọ́ńbà ẹ̀ ò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ máa ń rí lórí fóònù, eléyìí ni ò kàn ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, wáyà ni kẹ́ ẹ fi so kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ ráútà. Tó bá jẹ́ Wi-Fi lẹ fi ṣe é, ògiri ilé yín lẹ̀ ń wọ̀n, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Kẹ́ ẹ sì mú server kan pàtó, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa fi ń dán ìlà yín wò, nínú ètò ẹ̀ tó ń jẹ́ SPEEDTEST_SERVERS, torí tẹ́ ẹ bá ní kó máa mú èyí tó wù ú, lónìí ibí, lọ́la ibòmíì, gráàfù yín á kàn máa jó ni, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ìlà yín ló yí padà àbí server.

Ibi tó ti wá dùn ni gráàfù yẹn. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Tó bá jẹ́ pé láti nǹkan bí aago méje alẹ́ ló máa ń já wálẹ̀, tó bá di ìdájí á tún gòkè, ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ò nílò babaláwo, èrò ló pọ̀ jù lórí ìlà, wọ́n ti tà ju ohun tí wọ́n ní lọ. Tó bá ń já nígbà tó wù ú, ọ̀sán o, òru o, ẹ kọ́kọ́ yẹ wáyà àti ráútà wò, kẹ́ ẹ sì bi àwọn ará ilé bóyá wọ́n ń download géèmù lásìkò yẹn. Tó bá wá dúró gbagidi sí nǹkan bí 94 Mbps, 300 sì lẹ̀ ń san owó ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà, wáyà tàbí port (ihò tẹ́ ẹ ki wáyà bọ̀) tẹ́ ẹ lò ni ò lè kọjá 100. Kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi 3B wà lára àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, Pi 4 ló ní port gigabit, ìyẹn 1000 Mbps. (Mbps ni mẹ́gábíìtì lójú ìṣẹ́jú àáyá, MB ni mẹ́gábáìtì, ẹ rántí pé Mbps 8 ni MB kan lójú ìṣẹ́jú àáyá o, mo ti rí ẹni tó fẹ́ jà lórí ìyẹn.)

Ẹ lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde bíi CSV, fáìlì tí Excel lè ṣí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. Ohùn wọn máa ń yí padà, ó kéré tán wọn ò ní ní kẹ́ ẹ pa ráútà mọ́.

Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni dátà. Ìlà 100 Mbps, tí download bá lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, 125 MB ti lọ, tẹ́ ẹ bá ní kó máa ṣe é ní wákàtí-wákàtí, 3 GB lójúmọ́ nìyẹn, 90 GB lóṣù, mi ò tíì ka upload mọ́ ọn, bí ìlà bá sì ṣe yá tó ló ṣe ń jẹ tó. Ẹni tí dátà ẹ̀ níye tó ń lò, ètò míì tó ń jẹ́ SmokePing ni kó gbé, ping kéékèèké nìyẹn ń fi ránṣẹ́, kò ní sọ spídì fún un, àmọ́ ó máa rí i kedere tí ìlà bá ń falẹ̀ tàbí tó ń já.

Gbígbé Speedtest Tracker kalẹ̀ ò le fẹ́ni tó bá mọ Docker, ìyẹn ohun tó ń mú kí ètò ṣiṣẹ́ nínú àpótí tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní container, tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá ẹni tó máa bá yín ṣe é. Ẹ má gbàgbé APP_KEY, kọ́kọ́rọ́ àṣírí ètò náà. Ìṣẹ́jú 17 tàbí 43 ni kẹ́ ẹ fi sí SPEEDTEST_SCHEDULE, ibi tẹ́ ẹ ti ń dá àkókò ìdánwò, dípò odo, torí orí odo ni gbogbo ayé ń fi tiwọn sí, server á wá kún. Àti folder config yẹn, ẹ gbé e síta container, torí inú ẹ̀ ni database tó kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín sí wà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pa container ẹ̀ rẹ́ láti gbé tuntun, gbogbo gráàfù ọ̀hún á bá a lọ ni.