Dave's Redistricting: áàpù ọ̀fẹ́ tó jẹ́ kí n rí bí wọ́n ṣe ń gé Detroit sí wẹ́wẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan nípa áàpù yìí, Dave's Redistricting, DRA làwọn tó ń lò ó ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa ṣí i. Dave Bradlee tó jẹ́ ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, iṣẹ́ tó sì ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kẹ́ni tó bá wù fi ọwọ́ ara ẹ̀ ya ààlà àgbègbè ìdìbò, ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ mú.

Ìdí tọ́rọ̀ náà fi ká mi lára ni pé Michigan ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Detroit. Àwọn tó ti pẹ́ níbí á rántí máàpù 2011, àwọn Republican ló wà nípò nígbà yẹn, àwọn ló mú iṣu àwọn náà ló mú ọ̀bẹ, ìdákọ́ńkọ́ ni wọ́n sì ti gé e. Ìgbà tí ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù ní 2018 ni ìmeèlì wọn tú síta, ọ̀kan nínú ẹ̀ pe àwọn olùdìbò Democrat ní pàǹtí tí wọ́n fẹ́ rọ́ sínú àgbègbè 4 péré! Èèyàn ni wọ́n ń pè ní pàǹtí o, àwọn aládùúgbò wa. Mo ṣí máàpù ayé ìgbà yẹn nínú DRA, mo wo Àgbègbè 14 bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Detroit tó ń wọ́ bí ejò lọ sí ìlú Pontiac, mo kàn dákẹ́ ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó rèé. Ẹ mú ìpínlẹ̀, ẹ mú ilé aṣòfin tẹ́ ẹ fẹ́ yà fún, máàpù á ṣí, á ti pín sí ẹyọ kéékèèké níbi táwọn èèyàn ti ń dìbò, ẹ wá mú àwọ̀ kan kẹ́ ẹ máa kùn ún lé wọn lórí bí ọmọdé tó ń kun ìwé, ìṣirò á sì máa yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń kùn ún lọ. Michigan ní èèyàn 10,077,331 nínú ìkànìyàn 2020, ìjókòó 13 ló sì ní ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ni pé èèyàn bíi 775,179 ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí iye aláwọ̀ dúdú, iye aláwọ̀ funfun, ẹ ó rí ẹgbẹ́ tí wọ́n dìbò fún láwọn ọdún tó ti kọjá. Tẹ́ ẹ bá kùn ún tán áàpù á fún yín ní máàkì lórí nǹkan 5, 100 ni ìkọ̀ọ̀kan: ṣé iye ìjókòó bá iye ìbò mu, ṣé ìdíje gidi máa wà, ṣé àwọn ẹ̀yà tó kéré máa lè yan ẹni tí wọ́n fẹ́, ṣé àgbègbè náà rí játijàti, ṣé ẹ ò fọ́ ìlú àti county (ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa) yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Àwọn máàkì 5 yẹn ló mú mi jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, torí wọn kì í fẹ́ gòkè pa pọ̀, bí ọ̀kan bá gòkè òmíràn á já wálẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní n ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé Detroit, mo kun ìlú náà pọ̀ láì kọjá 8 Mile Road, títì tó jẹ́ ààlà Detroit lápá àríwá, ó rẹwà lójú, kò fọ́ ìlú, ṣùgbọ́n ó lé ní ìdá 90 nínú 100 ìbò Detroit tó máa ń lọ sọ́dọ̀ Democrat, kíkó tí mo kó wọn jọ síbì kan yẹn ti jẹ́ kí ìbò wọn ṣòfò, torí ìjókòó kan péré ni gbogbo ẹ̀ máa mú wá, máàkì pé ìjókòó bá ìbò mu já wálẹ̀. Mo tún un ṣe, mo fà á gùn bí okùn láti inú Detroit wọ Oakland àti Macomb, county méjì tó wà lókè 8 Mile, ìyẹn gòkè, ṣùgbọ́n iye aláwọ̀ dúdú nínú ìkọ̀ọ̀kan wá lọ sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìgbìmọ̀ olómìnira tó ń ya máàpù Michigan báyìí gan-an nìyẹn. Katie Fahey kan ló kọ ọ́ sórí Facebook ní 2016 pé òun fẹ́ gbógun ti gerrymandering, ìyẹn kí àwọn olóṣèlú máa ya ààlà lọ́nà tó máa gbè wọ́n, nígbà tó fi máa di 2018 àwọn ará Michigan ti dìbò pé kí ìgbìmọ̀ olómìnira máa ya máàpù, ìdá 61 nínú 100 ló gbà. Èèyàn 13 ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, Democrat 4, Republican 4, 5 tí kò sí lẹ́gbẹ́ kankan, kèké ni wọ́n fi mú wọn, kì í ṣe òṣèlú ló yàn wọ́n, gbangba ni wọ́n sì ti ń jókòó tí gbogbo èèyàn ń wò wọ́n. Ní December 2021 ni wọ́n fọwọ́ sí máàpù wọn, Democrat gba ilé aṣòfin méjèèjì ní 2022, ó ti tó nǹkan bí 40 ọdún tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ní December 2023 adájọ́ 3 ní rárá, wọ́n ní àwọ̀ ara làwọn ìgbìmọ̀ náà fi ya àgbègbè 13 ní apá Detroit, wọ́n ní kí wọ́n lọ tún un yà. Wọ́n tún un yà, Republican gba ilé kékeré padà ní 2024. Inú mi ò bà jẹ́ sí ìyẹn, torí ìjókòó yẹn ń lọ ó ń bọ̀ báyìí, láyé máàpù 2011 kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀ kan kúrò: òfin Michigan to nǹkan tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò tẹ̀léra, àwọn tó ń gbé ayé pọ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn jọra ló wà ní ipò kẹta, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ló tẹ̀ lé e, kí àgbègbè má rí játijàti ló kẹ́yìn pátápátá. Máàkì DRA ò mọ ìyẹn. Kò mọ̀ pé àwọn Lárúbáwá Dearborn fẹ́ wà pọ̀, kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì tó so àdúgbò méjì pọ̀, ẹni tó ń kùn ún ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn tó fẹ́ rẹ́ni jẹ náà sì ní irú irinṣẹ́ yìí. Ẹ wo Texas ní August 2025, wọ́n tún máàpù yà láì dúró de ìkànìyàn tó ń bọ̀ nítorí kí Republican lè rí ìjókòó 5 sí i, àwọn aṣòfin Democrat sá kúrò ní ìpínlẹ̀ kí ilé aṣòfin má lè jókòó, kò dá a dúró, ni California náà bá dìbò fún àbá kan tí wọ́n ń pè ní Proposition 50 ní November, wọ́n gbé máàpù ìgbìmọ̀ olómìnira tiwọn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí di 2030. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ó dùn mí síbẹ̀, torí ìgbìmọ̀ California yẹn làwa níbí ń wò tẹ́lẹ̀.

Ó sì wù mí ká ní irú ẹ̀ fún ilé. 360 ni ìjókòó ilé aṣojú-ṣòfin ní Nàìjíríà, 1996 ni wọ́n tún gbogbo ààlà yẹn yà gbẹ̀yìn, ẹ wo bí àwọn ìlú ti fẹ̀ sí i látìgbà náà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Ẹ lo láptọ́ọ̀pù o, fóònù ti kéré jù fún kíkùn. Ẹ má sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Michigan, ẹ mú New Hampshire tí ìjókòó ẹ̀ jẹ́ 2 péré, ẹ kùn ún tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá padà sí Detroit kẹ́ ẹ pinnu bóyá ẹ máa kọjá 8 Mile.