Ìbọn ìwọ̀n-ooru tó jẹ́ kí n mọ ohun tó ń pa bẹ́ríǹ ọkọ̀ mi

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ìbọn kékeré yìí, èyí tí a fi ń wọn ooru láìfọwọ́ kan nǹkan. Torí ọkọ̀ kámpà wa ni mo ṣe rà á, èyí tí èmi àti ìyàwó mi máa ń sùn sí bí a bá rìnrìn-àjò. Bẹ́ríǹ táyà iwájú lápá ọ̀tún, ìyẹn irin tó ń jẹ́ kí táyà yí wẹ́rẹ́, ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́jọ. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, mẹkáníìkì yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó ní ọkọ̀ náà ló wúwo. Lóòótọ́ ó wúwo: bí a bá rọ omi sí i, tí a kó gáàsì àti ẹrù sí i, díẹ̀ ló kù kó pé 3,500 kílò. Ṣùgbọ́n táyà òsì náà ń gbé ẹrù yẹn, kò sì sí nǹkan tó ṣe bẹ́ríǹ tirẹ̀.

Lẹ́yìn bẹ́ríǹ kẹta, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró yẹn. Yóò máa kùn hùùù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá yà sí òsì, tí ọkọ̀ fara ti táyà ọ̀tún, kíkùn náà á le sí i. Bí mo bá yà sí ọ̀tún, á rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, nǹkan ń jóná." Mo dúró, mo sì na ìbọn sí họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iwájú òsì, 61°C. Iwájú ọ̀tún, 148°C. Àwọn ti ẹ̀yìn kò tó 50°C.

A jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, torí omi tútù lè mú kí dísìkì gbígbóná, ìyẹn àwo irin tí bíréèkì ń fún mú, sán. Mo wá fi gíà kékeré rọra wà á lójú pópó tó tẹ́jú, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ bíréèkì rárá. Síbẹ̀ 132°C ni ọ̀tún kọ. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé bíréèkì yẹn kì í tú sílẹ̀. Ooru rẹ̀ ló ń yọ́ gíríìsì inú bẹ́ríǹ, tó ń sọ rọ́bà ẹnu rẹ̀ di gbígbẹ, títí irin á fi máa ha irin.

Mo fi jáàkì gbé táyà náà. Ọwọ́ mi méjèèjì ò lè yí i. Kálípà ni irin tó ń fún dísìkì mú. Mo tú bóòtù kékeré ara rẹ̀ tí a ń gbà fa afẹ́fẹ́ jáde, òróró bíréèkì tú fíìn, táyà sì yí wẹ́rẹ́. Ìyẹn ni pé òróró ló há sínú. Ká ní kálípà ló dógùn-ún tó há, táyà ò bá má yí. Họ́ọ̀sì rọ́bà tó ń gbé òróró lọ síbẹ̀ ló fà á. Lójú, kò ní àbùkù kankan. Nígbà tí mo gé e sí méjì, inú rẹ̀ ti wú débi pé ẹyọ ọwọ̀ kan ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Agbára ẹsẹ̀ ń ti òróró wọlé, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì iwájú méjèèjì, bẹ́ríǹ, páàdì àti òróró. Òróró bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bó bá ti fa omi mọ́ra, ó lè hó ní 155°C. Èyí tó tú jáde lára ọkọ̀ mi ti dúdú bíi kọfí. Ẹ̀rù bà mí gidi, torí bí òróró bá hó nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ á kàn wọlé lásán ni.

Ohun tó jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀ kan: ìbọn yìí kì í sọ òótọ́ lójú irin tó ń dán. Nígbà tí kálípà kọ 150°C ó lé, dísìkì dídán tó gbá mú kọ 64°C! Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àlàáfíà wà. Ẹ na án sí irin tó dọ̀tí tàbí tó dógùn-ún, ojú kan náà lọ́tùn-ún àti lósì, kété tí ẹ bá dúró. Ẹ sún mọ́ ọn pẹ̀lú, torí àmì pupa kékeré yẹn kọ́ ló ń wọn ooru. Bí ẹ bá fi 60 sẹ̀ǹtímítà jìnnà, gbogbo ohun tó wà nínú òbìrí 5 sẹ̀ǹtímítà ni tèmi ń kà pọ̀. Lẹ́tà tín-ín-tín ni wọ́n fi kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé ìlò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ ló yẹ kó wà.

Lánàá, lẹ́yìn ìrìn wákàtí mẹ́ta, òsì kọ 58°C, ọ̀tún kọ 60°C. Ìyàwó mi ló ń na ìbọn báyìí, èmi á sì kọ ọ́ sínú ìwé.